Wọ́n Ti Gba Iṣẹ́ Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ nílé àti lójú títì, o ò ní ṣe àṣedànù. Àwa náà ṣáà wà. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò, mo ti gbé bàbá rẹ wá sí pálọ̀.

Látìgbà tí apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere mọ́. Èmi nìkan ló ń yé, èmi ni mo sì ń sọ ọ́ fáwọn tó bá wá kí i. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi, torí o ní ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó mọ iṣẹ́ gan-an, àmọ́ tí kò gbọ́ Páítọ̀nù, èdè kọ̀ǹpútà tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń sọ, kóòdù tí ẹ̀ ń kọ lọ́fẹ̀ẹ́ ló wá ń bá yín gbé ọ̀rọ̀ wọ inú rẹ̀, tó ń gbé èsì rẹ̀ jáde. Mo sọ fún bàbá rẹ pé iṣẹ́ kan náà lèmi àti ìwọ ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, itọ́ dà sí i láyà.

O ní o ò lè wálé àfi tí ọ̀gá tó ń yẹ kóòdù yín wò bá gba èyí tó o kọ, pé ó ti dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dùn mí. Mo rò pé bóyá o ò kí i dáadáa ni. Mo bá lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ìkòríta, ó wá ojú ewé yín rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ní kó bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sọ́mọ mi, ẹ gba iṣẹ́ rẹ̀ kó lè wá rí bàbá rẹ̀. Mo tiẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú fóònù náà kó lè mọ̀ pé mi ò ṣeré.

Ọ̀gá yẹn ti fèsì, ọmọlúàbí ni. Ó kí mi kú ìrọ́jú, ó ní iṣẹ́ rẹ dáa, àwọn ti gbà á wọlé láti oṣù méjì sẹ́yìn, o sì ti dúpẹ́. Ẹni tó kà á fún mi ò wojú mi. Èmi mọ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀ tó o fi gbàgbé.

Bàbá rẹ ti gbọ́. Ó ní kí n gbé àga òun sẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ló ń jókòó sí láti ọjọ́ Ajé. Má fowó ránṣẹ́ lóṣù yìí. Tó bá jẹ́ owó ọkọ̀ ló kù, sọ fún mi, mo ti ta adìẹ méjì, màá fi ránṣẹ́. Ṣáà yára, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, èmi gan-an ò gbọ́ gbogbo rẹ̀ mọ́. Orúkọ rẹ nìkan ni mo ṣì ń gbọ́ ketekete.

Ọlọ́run á sìn ẹ́ délé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.