Ife Tí A Gbà Lọ́jọ́ Agẹmọ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwa olùgbọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìjẹ̀bú-Òde kò tóbi.

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní fọ́líbọ́ọ̀lù. Lórí pápá tí èèmọ́ kún ni mo ti kọ́ wọn títí a fi dé àṣekágbá l'Abẹ́òkúta. Àfi bó ṣe bọ́ sọ́jọ́ tí Agẹmọ ń kọjá, tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde. Ọ̀gá wa ní onígbàgbọ́ ni wá, ká máa lọ. Mo fi jẹ́sì bo fèrèsé bọ́ọ̀sì, gbogbo wa dorí kodò. A kò rí nǹkan kan. A sì gba ife.

Láti ìgbà náà, bàbá Mojí, ọmọ tó jẹ́ balógun tíìmù mi, kò jẹ́ kí ọmọ náà wọlé mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní ọmọ náà kò wo nǹkan kan.

Ó ní, “Tíṣà, ilé la ní kó jókòó sí. Ta ló ní kó bojú?”

Àwọn òbí yòókù ti yọ ọmọ wọn kúrò nínú tíìmù. Ife ń dán ní ọ́fíìsì ọ̀gá wa, Mojí ń sùn lórí ẹní ní pálọ̀ mi. Ẹ̀yin èèyàn, bàbá ni kí n tún lọ bẹ̀ ni, àbí Mojí gan-an?