Ta Ló Jókòó sí Àga Ẹ̀yìn?

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: awọ àga ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, ó ti gan bíi páálí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, tí mo ṣèlérí pé n óò lọ mú wá gbé lọ́dọ̀ mi kó má dá gbé mọ́ — ṣé orí páálí ló máa jókòó sí fún wákàtí márùn-ún? Àti yàrá rẹ̀ tí mo ti kun tán. Àti ẹ̀rín ọkọ ọmọ mi.

Ọjọ́rú, 5

Mo nu awọ náà. Lẹ́yìn náà, pólíìṣì bàtà, aláwọ̀ búráùn, agolo méjì. Ó ń dán débi pé mo rí eyín mi nínú rẹ̀ — ìwọ̀nba tó kù. Ọdún márùn-ún ni mo fi kun bàtà nílé ìwé. Ta ló fẹ́ kọ́ mi?

Ọjọ́bọ̀, 6

Ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀! Lápá òsì, ibi tó ń dán ti ṣú, ó rí bí ìdí èèyàn gẹ́lẹ́. Mo sì ti ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọmọ mi obìnrin. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń bá mi gbé. Ọkọ ni. Ọ̀gá Ẹ̀rín. Lọ́jọ́ Àìkú ló bi mí, ẹ̀rín lẹ́nu: "Bàbá, ṣé dandan ni kí ẹ lọ mú Màmá wá ni?" Màmá ni wọ́n ń pe Ẹ̀gbọ́n. Kí ló kàn án? Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: ó fẹ́ ta ọkọ̀ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Pólíìṣì náà kò gbẹ, ó ti ba ṣòkòtò mi jẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, àmì á wà nídìí ẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń yọjú wo ẹ̀yìn Ọ̀gá Ẹ̀rín. Ṣòkòtò dúdú ló wọ̀, alárékérekè.

"Bàbá, ṣé aṣọ mi ya ni?"

Mo ní rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ọkùnrin tó ń rán àga mọ́tò wá. Ó wo iṣẹ́ mi, ó káwọ́ lérí. "Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ kì bọ̀ ọ́ ni?" Ó ní pólíìṣì bàtà máa ń dí ojú awọ ni, oòrùn tó ń gba gíláàsì wọlé ló sì ń mú un gan, kí n máa gbé ọkọ̀ sábẹ́ òrùlé. Aṣọ rírọ̀, omi díẹ̀, ọṣẹ díẹ̀. Àkísà mẹ́rin la lò kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde ní funfun. Lẹ́yìn náà ìpara awọ, fẹ́ẹ́rẹ́. A dúró, a nù ún kúrò. Ó ti rọ̀. "Ẹ lè gbé ìyàwó tuntun jókòó síbẹ̀," ó wí. Kò sí àwáwí mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Aṣọ nọ́ọ̀sì ọmọ mi lórí okùn. Funfun. Búráùn nídìí, ó fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò lọ. Ọmọ tèmi! N kò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo bi í. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní inú ọkọ̀ lòun ti máa ń bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, torí "Bàbá, kò síbi tí etí yín kì í dé nínú ilé yìí." Mo ní ọ̀rọ̀ wo? Ó ní: "Màmá kò fẹ́ wá." Ó ní ojú ń ti Ẹ̀gbọ́n láti sọ fún mi, ohun tó ń wí ni pé: "Àbúrò mi ti kun yàrá, ẹnu wo ni n óò fi sọ ọ́?" Ẹ̀gbọ́n ló ń bẹ ọmọ mi kó máa dá mi dúró. Ọ̀gá Ẹ̀rín náà mọ̀. Gbogbo wọn mọ̀.

Àbí àwọn ló kọ́ Ẹ̀gbọ́n ní ohun tó máa sọ?

Ọjọ́rú, 12

Mo pe Ẹ̀gbọ́n fúnra mi. "O ti gbọ́, àbí?" Mo ní mo ti gbọ́. "Ṣé inú ń bí ẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Wá jókòó níwájú mi kó o bínú. Ilé mi ni mo fẹ́ kú sí, n kì í ṣe ẹrù."

Ohùn rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nírú ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo ti di aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì. Tèmi. Mo gbé e sórí àga ẹ̀yìn. Aago mẹ́fà àárọ̀, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, n óò gbéra lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.