Ákítọ̀ Kì Í Kú, Ó Rẹ̀ Ẹ́ Ni

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ibi tí ẹ wà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ. Mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí lánàá, mo fà á ya, torí ó dà bí ìwé tí ọmọ iléèwé fi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ìwé mẹ́wàá náà ni mo kà, ẹ mọ̀. Bíírò ò bá ọwọ́ mi mu mọ́, abẹ́rẹ́ ló bá a mu. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Lasunwon, ní Ìkòròdú níbí, ni mo jókòó sí. Iná ò sí, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, aṣọ oníbàárà tó yẹ kí n ti rán tán wà níwájú mi. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, mi ò lè jókòó sójú kan. Bí mo bá rán apá kan, màá dìde lọ wo títì bíi pé ẹnì kan ń bọ̀, màá tún padà wá jókòó.

Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ojú wọn ti fọ́ tán kí ẹ tó lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ wà, a ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, torí ẹnu yín ni wọ́n fi ń ríran. Bí a ṣe ṣe fìdáù yín tán ni wọ́n ní kí a fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n. Oúnjẹ, wọn á kàn tọ́ ọ wò. Ọ̀rọ̀, wọn ò ju “hẹn” lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú wọn wá sí Ìkòròdú, Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ibi tí ẹ sùn sí ní Ẹ̀pẹ́ làwọn náà máa sùn sí. Bàbá mi, ẹ̀rù bà mí. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé yín.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ Jímọ̀? Ẹ kì í lọ sọ́sà lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí ẹ bá ti kírun dé, ẹ óò tẹ́ àwọ̀n sórí ẹsẹ̀ nínú pálọ̀, ẹ óò máa tún ibi tó ya ṣe, ojú yín á wà lára tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ yín á máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Àwa á jókòó sílẹ̀, àwọn aládùúgbò á kún ojú fèrèsé. Fíìmù Ṣáínà, ti Íńdíà, ti Amẹ́ríkà, ẹ ò gbọ́ èdè kankan nínú wọn, síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún wa. Bàbá onírùngbọ̀n funfun tó ń kọ́ ọmọ níjà lórí òkè, ẹ ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá rẹ̀. Bọ́ọ̀sì olójú kan, olórí àwọn ọ̀tá, tó ń dá wọn lóró, ẹ ní ẹja inú àwọ̀n olówó ló lọ jí, ni ẹja bá fi ìrù gbá a lójú. Obìnrin tó ń di ejò nínú fíìmù Íńdíà, ẹ ní kò sí ohun tó ṣe é ju pé ọkọ rẹ̀ ò fi owó ọbẹ̀ sílẹ̀. Màmá á wá ti ìdáná ké sí yín:

“Bàbá wọn, ẹ rọra o! Èmi náà lè di ejò ní ìrọ̀lẹ́ yìí!”

“Ejò tó mọ ìkọ́kọrẹ́ ṣe báyìí, ta ló máa sá fún un?”

Ẹ̀rín á wá bo ilé.

Òfin kan ṣoṣo ló wà, gbogbo ọmọ àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n: ákítọ̀ kì í kú. Bọ́ọ̀sì lè kú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì lè kú bí eṣinṣin, ṣùgbọ́n ákítọ̀ tí a tìtorí rẹ̀ jókòó kì í kú láéláé. Bó bá wá ṣubú ńkọ́, tí ẹ̀jẹ̀ bo àyà rẹ̀, tí kò dìde mọ́ títí fíìmù fi parí? Ẹ óò fa okùn àwọ̀n le, ẹ ò ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ óò ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.” Gbogbo wa á mí kanlẹ̀.

Mo ti dàgbà báyìí, Bàbá mi, ewú ti yọ lórí mi, síbẹ̀ fíìmù ìjà ṣì ni oúnjẹ mi. Orí fóònù ni mo ti ń wò ó. Ọkọ mi á ní, “Ìyá Oníkúńfù, ṣé wọ́n ti fún ẹ ní bẹ́líìtì dúdú?” Bàbá onírùngbọ̀n yẹn ṣì ni àkọ́kọ́ lọ́kàn mi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni káúbọ́ì tí kì í sọ̀rọ̀, tó jẹ́ ẹṣin rẹ̀ nìkan ló ń wojú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹni onírin, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ irin, tí ọmọbìnrin kékeré kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó ní iwin nínú, màá kó ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga kí n tó lè wò ó, bí mo ṣe ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Báyìí, wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ fíìmù. Èmi tí mo mọ̀wé díẹ̀, mo ń kà á. Lẹ́yìn tí a sin yín ni mo wá gbogbo wọn kiri, torí mo fẹ́ gbọ́ ohùn yín nínú wọn. Ohun tí mo kà ni pé kò sí èyí tó rẹ̀ nínú wọn. Bàbá onírùngbọ̀n kú. Káúbọ́ì kú, ẹṣin rẹ̀ dúró tì í. Ẹni onírin yọ́ nínú iná. Mo bú sẹ́kún ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan sáré wọlé, ó rò pé mo ti fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ òun.

Ṣé ẹ mọ̀? Àbí ẹ̀yin náà gbà á gbọ́? Ta lẹ ń tàn, àwa ni àbí ara yín?

Ní Jímọ̀ tó ṣáájú èyí tó kọjá, mo gba ọ̀nà Ìtòíkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo jókòó ti Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń sọ fíìmù bàbá onírùngbọ̀n fún wọn bí mo ṣe kà á gẹ́lẹ́. Mo rò pé òótọ́ ló yẹ kí èèyàn sọ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé ìparí, mo ní, “Ó kú, Màmá.” Wọ́n yíjú sí ògiri. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà, mo sì ń bú ara mi títí mo fi délé. Mo ní, ìwọ tó ò mọ ìtàn sọ, kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó kọjá, bí mo ṣe wọlé ni Màmá ní, “Ṣó o mú ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn dání?”

Mo ṣí aṣọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo gbé àwọ̀n yín lé ẹsẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n tún ṣe, mo kàn gbé e síbẹ̀ kí Màmá lè gbóòórùn rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, ahọ́n mi ń kọsẹ̀.

“Ìyẹn kọ́,” Màmá ní. “Ọmọ ibo ni ìyá ẹ̀?”

“Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, Màmá.”

“Ó ṣeun. Ò ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bọ́ọ̀sì ńkọ́, kí ló fọ́ ọ lójú?”

Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀, wọ́n ń tún un ṣe fún mi bí ẹ ṣe ń tún àwọ̀n ṣe, títí bàbá onírùngbọ̀n fi ṣubú. Ni mo bá fa okùn àwọ̀n le.

“Ó ti ṣubú, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Mo mọ̀. Ojú mi là kedere nígbà yẹn, mo rí i pé ó kú. Gbogbo wọn ni mo rí.”

“Kí ló dé tí ẹ ò bá Bàbá jiyàn?”

Màmá kọ haà. “Ọkùnrin tó máa wọ ọ̀sà ní ìdájí, ṣé èmi ni kí n sọ fún un pé ákítọ̀ ń kú? Èmi tí mo sì ń dúró dè é nílé, ṣé mo fẹ́ gbọ́ ọ ni? Ọmọ yìí, parí ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀.”

Mo parí rẹ̀. Mo ní: “Ẹ fi í sílẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.”

Màmá ní ebi ń pa àwọn. Mo se ìkọ́kọrẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì bú mi pé ata ò sí nínú rẹ̀. Bàbá mi, ẹ bá mi dúpẹ́ èébú yẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé yín jáde nínú aṣọ funfun, àwa obìnrin ò tẹ̀ lé wọn dé itẹ́ òkú. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mò ń wo ẹ̀yìn àwọn tó gbé yín. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, mò ń retí kí ẹ dìde. Èmi ìyá ọmọ.

Mo mọ̀ pé ẹ kú, Bàbá mi. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè yín ní pálọ̀ yẹn, níṣojú Màmá, mo ti mọ ohun tí màá sọ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ó rẹ̀ wọ́n ni.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó ṣì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n yín.