Ìyá Fèrèsé, Ẹni Tí Ó Wọn Afẹ́fẹ́ Fún Àwọn Alágbàfọ̀

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1958, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n. Káfíńtà ni bàbá wọn, ọmọ káfíńtà; olùkọ́ ni ìyá wọn. Màmá ni àkọ́bí nínú ọmọ méjì. Ikọ́ tí ekuru igi kó bá bàbá wọn ni wọ́n ń gbọ́ títí wọ́n fi dàgbà, òun ló sì gbé wọn dé ìdí iṣẹ́ tí wọ́n yàn láàyò.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1977, wọ́n gboyè yunifásítì ní 1982. Láti ìgbà náà títí di 2022 tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa ìlera òṣìṣẹ́ ni wọ́n wà. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ lọ síbi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á wọn ariwo, ekuru àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀, wọ́n á sì sọ ohun tó yẹ kí a tún ṣe.

Ní ọdún 1985 wọ́n fẹ́ bàbá wa, ẹni tí ń tún rédíò ṣe. Bàbá máa ń ní torí kí òun lè máa tún ẹ̀rọ wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ṣe gbà fún òun. Màmá kò jiyàn rí. Òtútù ìbáà máa pa àlejò, Màmá á ti ṣí fèrèsé; ibẹ̀ ni orúkọ Ìyá Fèrèsé ti wá. Nínú ìjọ pàápàá, níbi tí wọ́n ti jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ akọrin fún ọdún mọ́kànlá, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tiwọn, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ dán an wò.

Ní ọdún 2020, àjàkálẹ̀ àrùn dé. Ilé ìfọṣọ kan tó ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn kò lè ti ilẹ̀kùn. Alágbàfọ̀ mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀, àbúrò Màmá kan ṣoṣo sì wà lára wọn. Ẹ̀rù ba àwọn òṣìṣẹ́ náà, wọ́n ní àwọn ò wọlé àfi bí ẹnìkan bá yẹ ibẹ̀ wò. Màmá lọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé afẹ́fẹ́ yàrá náà dára. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà wọ́n gbọ́, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mẹ́fà fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Àbúrò Màmá wà lára wọn, ó sì di ẹni tó ń fi afẹ́fẹ́ inú sílíńdà mí.

Màmá tún ìwé wọn yẹ̀ wò, wọ́n sì rí àṣìṣe wọn. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n wọn yàrá náà, nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti jáde lọ jẹun. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi bò, Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n lọ dúró níwájú àwọn mẹ́tàdínlógún tó kù, wọ́n ní, "Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Obìnrin kan tó wà nídìí áyọ́ọ̀nù dá wọn lóhùn: "Ìyá Fèrèsé, ẹ kó ẹ̀rọ yín lọ o. A ti gbà yín gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ibi tó gbé wa dé."

Ó dun Màmá wọra. Síbẹ̀ wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. "Ibi tí ẹ bá wà lèmi náà máa jókòó sí látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Tó bá máa burú, kó burú fún gbogbo wa."

Àìsàn ọkàn ti wà lára Màmá nígbà náà, a sì bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n má lọ. Wọ́n lọ. Wọ́n fi ìbòmú bo ẹnu àti imú, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé itan láti aago méje títí di aago mẹ́rin. Ẹ̀rọ fi hàn pé fáànù ńlá tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà nítorí ooru ń gbá èémí àwọn ará iwájú lọ sójú àwọn ará ẹ̀yìn. Wọ́n yí fáànù náà kó máa fẹ́ síta, wọ́n fi òòlù ṣí fèrèsé òkè tí wọ́n ti kàn pa. Ní gbogbo ìyókù ọdún náà, ẹnikẹ́ni kò kó àrùn náà níbẹ̀ mọ́. Ìwé pélébé tí Màmá kọ lẹ́yìn náà dé ilé búrẹ́dì àti ilé ìwé káàkiri. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni: Ẹ wọn yàrá nígbà tí èèyàn bá wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2024, Màmá sùn, wọn kò jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni wọ́n. Ó dùn wá, a ò lè purọ́. Wọ́n fi ọkọ, àbúrò wọn, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́, àwọn alágbàfọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún náà wà láàyè, wọ́n sì jókòó sáàárín wa báyìí. Aṣọ funfun tó wà lọ́rùn Màmá, obìnrin ìdí áyọ́ọ̀nù ló fọ̀ ọ́, òun ló lọ̀ ọ́, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Màmá, ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ sùn re o.