‘Ẹ’ Kan Ṣoṣo Tí Uncle Dépò Gbé Mì

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò wa, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí, orúnkún mi méjèèjì ló kan ilẹ̀. Mo kí Ìyá Àgbà, mo ní kí wọ́n má bínú pé oògùn ẹsẹ̀ wọn pẹ́ kó tó dé. Mo kí Káyọ̀dé àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo sì ń kìlọ̀ fún un pé kó má fo ìlà kankan, pàápàá jù lọ ibi tí inú bá ti ń bí mi. Mo mọ̀ pé lẹ́tà gbangba ni, pé gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń gbé Woolwich àti Thamesmead ló máa rí i kà. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Gbangba ni Uncle Dépò ti ba orúkọ mi jẹ́, gbangba náà ni màá ti fọ̀ ọ́ mọ́.

Ọjọ́ ìsinmi márùn-ún nìyí tí ẹ ò tíì gbàdúrà fún mi. Tẹ́lẹ̀, kí n tó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti máa ń pè yín, ẹ ó sì ka orúkọ mi síwájú Ọlọ́run títí ara mi á fi gbóná. Ní báyìí, ẹ ó kàn bi mí bóyá àlàáfíà ni mo wà, ẹ ó sì gbé fóònù fún Káyọ̀dé. Ẹ ní títí n ó fi lọ kúnlẹ̀ bẹ Uncle Dépò, mi ò ní gbọ́ àdúrà lẹ́nu yín mọ́. Màmá, mo lè fara da òtútù, mo lè fara da ebi. Èyí ni mi ò lè fara dà. Ẹ mọ òwe tí wọ́n ń pa nípa ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Mi ò ní parí rẹ̀, torí pé ìyá mi lẹ jẹ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, Uncle Dépò kì í ṣe ẹbí wa. Ará àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, òun ló wá pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, òun ló sì bá mi wá yàrá sí South Thamesmead nígbà tí mi ò mọ òsì mi yàtọ̀ sí ọ̀tún. Mi ò gbàgbé oore yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ó ṣàkíyèsí pé ‘ó’ ni mò ń pè é nínú lẹ́tà yìí, kì í ṣe ‘wọ́n’. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó yọ ‘ẹ’ mi, èmi náà yọ ‘wọ́n’ tirẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Iṣẹ́ ń lọ. Mo ṣì ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé wọn, láti Thamesmead títí dé Belvedere, nínú òjò winniwinni tí kò rọ̀ tí kò sì dá. Kí n tó mọ eré tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, mo lè lo odidi ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni wọ́n fi ń pè mí nílé tí mo bá wọ̀. Ọjọ́ kan ni mo ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀, mo rí àwọn èèyàn nínú pápá tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n ń sáré, tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí bọ́ọ̀lù kékeré kan. Mo dúró wò wọ́n títí bọ́ọ̀sì mi fi lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti wà láàrin wọn. Owó tí mo fẹ́ fi ra kóòtù ni mo fi ra ìbọ̀wọ́ awọ tí wọ́n fi ń hán bọ́ọ̀lù. Ẹ má bínú, owó oṣù tiyín kò dín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà, torí mo mọ̀ pé Uncle Dépò ti jẹ́ kó dún létí yín bí ìjà ìgboro. Ṣé ẹ rántí ráúńdáàsì tí mo máa ń gbá nílé ìwé, èyí tí mo fi fọ́ fèrèsé ọ̀gá àgbà, tí ẹ fi wá bá mi bẹ̀bẹ̀? Bésíbọ́ọ̀lù ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíì á fi igi gbá a, á sì sáré yí béèsì mẹ́rin tí a tẹ́ sílẹ̀ ká; tó bá yí i ká wọlé, ẹyọ ayò kan nìyẹn fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá lọ sókè, tí àwọn tó ń ṣọ́ pápá bá hán an kó tó kanlẹ̀, ẹni tó gbá a ti kú nìyẹn, bí a ṣe máa ń sọ ọ́ lọ́mọdé. Tí ẹni mẹ́ta bá kú, àwọn yẹn á gbé igi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kejì. Òfin kan wà tó kan ẹjọ́ mi. Tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ láàrin ẹni méjì, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ pariwo pé tòun ni, kí èkejì lè yàgò.

Ẹgbẹ́ wa dára lọ́dún tó kọjá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Tóyìn, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí ìlú yìí, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wa. Apá rẹ̀ le, ojú rẹ̀ mú, Yorùbá ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò pé. Kò mọ ‘ẹ’ rárá. ‘O kú iṣẹ́’ ló máa ń kí Uncle Dépò, òun náà ọmọ ẹgbẹ́ wa nígbà náà, tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Uncle á sì máa rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń kúnlẹ̀ kí i, èmi ló máa ń bá wí. Àléébù wa ni pé kóòṣì wa, òyìnbó onírùngbọ̀n pupa kan, kì í tètè pààrọ̀ Tóyìn, yóò fi í sílẹ̀ títí apá ọmọ ọlọ́mọ á fi rọ. Èkejì ni pé Uncle Dépò ló máa ń kọ́kọ́ gbé igi, ẹni tó jẹ́ pé tó bá ń sáré, ẹ ó rò pé sílípáàsì rẹ̀ ló ń wá. Mo sọ ọ́ nígbà náà, mo tún ń sọ ọ́ báyìí. Kódà àwọn olówó ńlá tó ń gbá a ní Amẹ́ríkà ṣe irú àṣìṣe yìí. Nínú bọ́ọ̀sì àárọ̀ ni mo ti máa ń wo àkópọ̀ eré tiwọn, mo sì rí i bí ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ṣe fi ajubọ́ọ̀lù tó ti rẹ̀ sílẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Inú bí mi débi pé mo kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀ sí.

Síbẹ̀, a wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tó yege fún ìdíje ìparí ọdún, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá fìdí rẹmi ti ń lọ sílé nìyẹn. A pàdé ẹgbẹ́ Belvedere ní ọ̀sán Sátidé kan. Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà, ohun ìyanu ni ìyẹn fúnra rẹ̀. A fi ẹyọ ayò kan ṣoṣo jù wọ́n lọ. Ó ku ẹnì kan péré kó kú, kí àwa máa jó lọ sí àṣekágbá, ṣùgbọ́n èèyàn wọn méjì wà lórí béèsì. Ọkùnrin wọn kan gbá bọ́ọ̀lù sókè. Kò jìnnà. Ó ń bọ̀ láàrin èmi tí mo wà ní apá ọ̀tún pápá àti Uncle Dépò tó ń ṣọ́ béèsì kìn-ín-ní. Èmi ni mò ń sáré bọ̀ síwájú, ẹ̀yìn ni òun ń fi rìn. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ eré yìí mọ̀ pé tèmi ni. Mo dé abẹ́ rẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè, ni mo bá rí àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí òun náà gbé ọwọ́ sókè.

Màmá, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ṣé ọmọ yín á já nǹkan gbà mọ́ àgbà lọ́wọ́? Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ ọ́: “Ẹ mú un, sà!” Orúnkún mi tún tẹ̀ díẹ̀, lórí pápá bésíbọ́ọ̀lù, níwájú òyìnbó. Uncle Dépò rí i pé mo bọ̀wọ̀ fún òun, òun náà ṣe bí àgbà, ó ní kí èmi máa mú un. Èmi yàgò, òun yàgò. Bọ́ọ̀lù bọ́ sáàrin wa, ó dún gbì. Àwọn méjèèjì tó wà lórí béèsì sáré wọlé. Ibẹ̀ ni ọdún wa parí sí.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí ni, ẹ̀rín ni mi ò bá máa rín. Àwa méjèèjì la jẹ̀bi, àwa àti ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n kóòṣì sáré dé, ojú rẹ̀ pupa ju irùngbọ̀n rẹ̀ lọ, ó ní kí ni mo pariwo. Kò gbọ́ Yorùbá. Kí n tó la ẹnu, Uncle Dépò ti dá a lóhùn. Ó ní mo pariwo pé mo ti mú un, òun sì yàgò fún mi bí òfin ṣe wí. Kóòṣì bi Tóyìn bóyá òótọ́ ni. Tóyìn ní òun gbọ́ ‘mú un’ lẹ́nu mi. Ọmọ yẹn kò purọ́. ‘Mo mú un’, ‘ẹ mú un’, ọ̀kan náà ni létí rẹ̀. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé ‘ẹ’ fún òyìnbó? Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ọba wọn, òun náà ni wọ́n fi ń pe ajá. Mo wo Uncle Dépò lójú. Ó gbójú sá. Ó mọ ohun tó ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti sọ mí ní Auntie Mú-un. Kóòṣì ní tí ọdún tuntun bá bẹ̀rẹ̀, orí bẹ́ńṣì ni màá jókòó sí. Ìgbà òtútù tí kò sí ìdíje ni àwọn ẹgbẹ́ máa ń tún ara wọn ṣe, ìgbà náà ni Uncle Dépò kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Belvedere, àwọn tó nà wá. Ó fi ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ìyàwó rẹ̀ tan méjì lọ nínú àwọn tó mọ igi í lò jù nínú wa. Mi ò rí irú ìwà ọ̀dàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún wá bá èmi náà níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Harrow Manorway. Ó ní kí n ká lọ, pé ohun tó ti kọjá ti kọjá. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo dá a lóhùn, tòun ti ‘ẹ jọ̀ọ́’, pé kó kọ́kọ́ lọ sọ òótọ́ fún kóòṣì ná. Àwọn ará wa méjì wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́. Ìyẹn ló dùn ún. Ìyẹn ló fi pè yín pé mo bú òun ní gbangba, pé Lọ́ńdọ̀nù ti sọ mí di ọmọ tí kò mọ àgbà mọ́. Ẹ sì gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tóyìn ti máa ń so fóònù rẹ̀ mọ́ ọgbà pápá láti fi ya bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń wo fídíò ọjọ́ náà láti mọ ibi tí apá rẹ̀ ti ṣẹ̀, ló bá gbọ́ ohùn mi, ló bá gbé e wá fún mi. Mo jókòó tì í, mo ní kó fetí sí ohun tó ṣáájú ‘mú un’. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbọ́ ọ. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó pa fóònù náà. Lẹ́yìn náà ló ní, “Auntie, ẹ má bínú.” Màmá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ‘ẹ’ jáde lẹ́nu ọmọ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ túmọ̀ rẹ̀ fún kóòṣì. Kóòṣì bẹ̀ mí, ó sì fún mi ní béèsì kìn-ín-ní, ibi tí Uncle Dépò máa ń dúró sí.

Fídíò náà ti wà lórí fóònù Káyọ̀dé. Káyọ̀dé, dúró níbí, fi í sí Màmá létí.

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ẹ̀yin lẹ fi ‘ẹ’ yẹn sí mi lẹ́nu. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbá mi lẹ́nu nítorí mo ní kí Ìyá Àgbà ‘wá jẹun’. Òun náà ni Uncle Dépò gbé mì níwájú òyìnbó, òun náà ló sọ fún yín pé kò sí lẹ́nu mi mọ́.

Ẹgbẹ́ Belvedere la máa kọ́kọ́ bá pàdé nígbà tí òtútù bá lọ. Gbogbo Sátidé ni mò ń lọ fi ọwọ́ mi ṣe ìdánrawò nínú gbọ̀ngàn kan ní Woolwich, tí ẹ bá rí àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹ ó rò pé oko ni mò ń ro. Mi ò fẹ́ kí ohunkóhun ṣe Uncle Dépò. Mo fẹ́ kí ara rẹ̀ le ṣáká lọ́jọ́ náà, kó má rí àwáwí kankan ṣe. Tó bá gbé igi, yóò gbá bọ́ọ̀lù sókè, torí bó ṣe máa ń gbá a nìyẹn. Màá dé abẹ́ rẹ̀. Bó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ló dúró tì mí, màá pariwo pé tèmi ni! Màá hán an, yóò sì kú. Ikú eré ni o, Màmá. Tó bá wá ń kọjá níwájú mi lọ jókòó, màá ṣe ohun tí ẹ ti ní kí n ṣe láti ọjọ́ yìí. Màá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú koríko níwájú gbogbo èèyàn, màá sì sọ fún un, pẹ̀lú ‘ẹ’ tó dún ketekete, pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.”

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà á le, ilé Káyọ̀dé á tura. Ẹ bá mi kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò, ẹ kí àwọn ará ilé Uncle Dépò náà. Màá pè lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, kí n tó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè gbé fóònù fún Káyọ̀dé.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣì mọ àgbà,
Fọlákẹ́