Màámi Wọ Ẹgbẹ́ Aláwọ̀ Búlúù

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kejì
Wọ́n tún lé mi wálé láti ilé ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.
Eyín-Funfun wá sílé wa. Òun ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Aláwọ̀ Búlúù nílùú yìí — táì, ẹ̀rín, lọ́fínńdà. Òfin ní bí orúkọ ọkùnrin bá wà nínú ìwé olùdíje ìgbìmọ̀ ìlú, ti obìnrin ni kó tẹ̀lé e. Obìnrin ò pé. Màámi bu kọfí fún un.

Ọjọ́rú, 26
Màámi ti fọwọ́ sí i. Ipò kẹrin. Ó ní ẹgbẹ́ náà ti yí padà, orúkọ tuntun, àwọ̀ tuntun, wọ́n ti lé àwọn ẹlẹ́nu burúkú jáde. Ó ní látìgbà tí ilé iṣẹ́ ìránṣọ ti lé òun lẹ́nu iṣẹ́, Aláwọ̀ Búlúù nìkan ló bi òun pé báwo ni.
Òótọ́ ni. Èmi gan-an ò bi í.

Ọjọ́bọ, 27
Èmi ni mo sọ ọ́ fún Bàbá Eèdú, bàbá tó bí Màámi. Òmùgọ̀ ni mí.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kẹta
Ọ̀dọ̀ wa ni Bàbá Eèdú ń gbé. Ó wa eèdú títí wọ́n fi dí ihò eèdú ìlú yìí pa. Ẹgbẹ́ Pupa, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ló ń ṣe látìgbà èwe. Lórí oúnjẹ ó ní nígbà tí Aláwọ̀ Búlúù kọ́kọ́ yọjú, èèyàn mẹ́rin péré ni wọ́n, wọ́n ń pariwo pé ilẹ̀ Faransé fún ọmọ Faransé. Ará Pólándì ni bàbá tiẹ̀. Ó ní òun àtàwọn awaèdú yòókù ló lé wọn dé ibùdókọ̀ ojú irin.
Màámi ní, “Bàbá, ìgbà yẹn ti lọ.”
“Tí ewúrẹ́ bá wọ aṣọ ìgbéyàwó, ṣé kò ní ké mẹ̀ẹ́ mọ́ ni?”
“Ẹgbẹ́ tiyín ńkọ́? Èèyàn mélòó ló kù níbẹ̀? Ẹ̀yin, Fernand ọ̀rẹ́ yín, àti ajá Fernand.”
Ó gbé àwo rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Òjò ń rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Sọ fún ìyá ẹ pé iyọ̀ ti tán. Sọ fún un pé ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àbí èmi ni fóònù wọn?

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ẹnì kan ya irùngbọ̀n sójú Màámi lórí fọ́tò ẹgbẹ́ wọn tó wà lẹ́nu ilé ìwé. Mo fi èékánná họ ọ́ kúrò. Mi ò ṣe ẹgbẹ́ wọn o. Màámi mi ni.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Mo sin Bàbá Eèdú lọ dìbò. Ìwé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń wà lórí tábìlì, èèyàn á mú ju ẹyọ kan lọ, á wá lọ fi èyí tó bá yàn sínú àpò ìwé lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Pupa nìkan ló máa ń mú, lójú gbogbo ayé. Lónìí ó mú méjì. Ó pẹ́ lẹ́yìn aṣọ yẹn.
Aláwọ̀ Búlúù wọlé. Màámi wà lára wọn. Ó ní bàbá òun ò ní dárí ji òun láé.

Ọjọ́ Ajé, 24
Mò ń gbọn jákẹ́ẹ̀tì Bàbá Eèdú. Ìwé kan wà lápò, ó ká a sí mẹ́rin. Pupa ni. A jẹ́ pé ìwé kejì ló fi dìbò.
Mo gbé e lọ bá a. Kò tiẹ̀ wojú mi.
“Orúkọ ọmọ mi ló wà nínú ìwé kejì. Má sọ fún un. Á rò pé ẹgbẹ́ yẹn ni mo dìbò fún, kì í ṣe òun.”
Màámi wà ní yàrá kejì, ó ń lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ìlú. Ẹkún ti mú kí ojú ẹ̀ wú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí ni mo ń wò.
Mo ní kò sí nǹkan kan.