Ta Ló Ṣe Àmín Sí Ìjì Yẹn?

Abúlé Ìdí-Ọsàn,
lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.

Jibril ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo lérò pé ara rẹ le ní Igando níbẹ̀, pé iná ń tàn, pé òórùn ààtàn àdúgbò yín yẹn kò sì yọ ọ́ lẹ́nu. Èmi Jàfárù bàbá rẹ ni mò ń kọ ìwé yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, n kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi bò.

Mùíz ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé, tó wá wo ìyá rẹ̀ nílé, ló là mí lójú. Ó ní kì í ṣe ìwọ lò ń kí wa láràárọ̀ lórí fóònù. Ó ní ẹ̀rọ kan tí o ṣe sínú kọ̀ǹpútà ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, pé iṣẹ́ ọ́fíìsì kò jẹ́ kí o ráyè, lo bá ní kí ó máa bá ọ kí òbí rẹ. Ìgbà tí mo wá sọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́sí, tí o kọjú sí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́, o ní nǹkan lò ń kọ. Mo wo ilẹ̀, mo wo orí tábìlì, n kò rí bébà kankan. Mo rò pé ìjọba lò ń kọ̀wé sí, mo bá pa ẹnu mọ́. N kò mọ̀ pé ẹni tí yóò gba ipò rẹ lọ́dọ̀ wa lò ń mọ.

Ṣé o mọ ohun tí o ṣe? Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń fi àdúrà dá àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn lóhùn. Mo ní wàá rí aya rere, ó ní àmín. Mo ní wàá bí ìbejì, ó ní àmín. Mo ní wàá kọ́lé sí Ayọ̀bọ̀, ó tún ní àmín. Ta ni gbogbo rẹ̀ wá ṣẹ mọ́ lára báyìí? Ṣebí ẹni tó ṣe àmín ló ni àdúrà. Mo bi Mùíz pé akọ ni ẹ̀rọ náà àbí abo, ẹ̀rín ló ń rín. Tó bá gbéyàwó ṣáájú rẹ, má bi mí o.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìjì. Lọ́jọ́ tí ìjì ká òrùlé yàrá ìyá rẹ lọ, tí igi àjà já lù ú léjìká, mo yára tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ọ pé ìjì ti ṣí ilé wa, ìyá rẹ sì ti fara pa. Èsì tí mo rí gbà ni, "Àmín o, Bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí láṣẹ Ọlọ́run." Mo ti kà á sókè sí ìyá rẹ létí kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. Ó ní, "Kí ni mo fi ṣe ọmọ mi?"

Mùíz ní àṣìṣe ni, pé ẹ̀rọ náà rò pé àdúrà ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá bá bá ọmọ sọ. Ẹ̀rọ tí kò mọ ìgbà tí à ń sọ pé ẹ kú ewu, ṣé ìyẹn náà ń kí èèyàn? Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ládùúgbò yìí mọ pẹ̀lẹ́ í sọ lọ́jọ́ náà. Mùíz tún ní o fẹ́ máa ta ẹ̀rọ náà fún àwọn ọmọ ẹlòmíràn ní Ìkọ̀tún àti Ẹ̀gbẹ́dá, pé iṣẹ́ àfipawọ́ rẹ ni. Iṣẹ́ àfipawọ́ kọ́ nìyẹn jàre, àfojúdi ni. Málékà tí mo fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ jẹ́ iṣẹ́ tí Ọlọ́run bá rán an.

Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé ẹ̀rọ ni, mo rò pé ara rẹ̀ á balẹ̀. Ó ní ta ló wá ń bi òun láràárọ̀ pé ṣé òun sùn dáadáa? Gbogbo ìgbà tí òun ní kí n sọ fún ọ pé oorun ò kun òun, ta ló gbọ́ ọ?

Páànù ni kí o rà fún wa, pẹ̀lú ìṣó, kí òjò tó dé. Má fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, nítorí n kò ní mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Gbé e dání wá.

Àdúrà tí bàbá fi ń parí ìwé, n kò kọ ọ́ síbí. Mo ṣe é fún Mùíz tó ń mú ìwé yìí bọ̀, nítorí ó dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín. Tìrẹ ṣì wà lẹ́nu mi níbí. Wá gbà á.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jàfárù.